Orí Tó Ń Fọ́ Ẹni Tó Jáwọ́ Nínú Ṣúgà Kì Í Ṣe Májèlé Tó Ń Jáde Lára

Bí ènìyàn bá pinnu láti jáwọ́ nínú ṣúgà funfun, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní ọjọ́ kejì, tí ara rẹ̀ wúwo, tí ó sì ń kanra mọ́ gbogbo ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn: kí ó fara dà á, nítorí pé májèlé tí ṣúgà ti kó sí i lára láti ọdúnmọ́dún ló ń jáde. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi kún un pé bí ìnira náà bá ṣe pọ̀ tó ni ìdọ̀tí inú ara ṣe pọ̀ tó, wọn a sì júwe oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́, tíì ìfọnú, tàbí ààwẹ̀ olómi lásán, kí ìfọ̀mọ́ náà lè yá kánkán. Ìnira náà kì í ṣe irọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni tó sọ pé orí ń fọ́ òun jiyàn. Ìdí tí wọ́n ní ó fi ń fọ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ìdí náà gbọ́ yóò jókòó ti ìyà tí kò yẹ kó jẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí ewu gan-an ni yóò jókòó tì.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ṣúgà láti ẹnu lọ. Ṣúgà tí à ń bù sínú tíì jẹ́ àsopọ̀ èròjà méjì, glúkóòsì àti fúrúkítóòsì, ìdajì sí ìdajì. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń já wọn kúrò lára ara wọn, kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀, ọpọlọ, iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù a gba glúkóòsì tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ a sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú fúrúkítóòsì. Ohun tó bá ṣẹ́kù kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: ara a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àkójọ glúkóòsì, nǹkan bí 100 gíráàmù nínú ẹ̀dọ̀ àti nǹkan bí 400 gíráàmù nínú gbogbo iṣan, tàbí kí ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀rá. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, èyí tó tó lítà 5, glúkóòsì tó ń yí ká kò ju ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan lọ. Ṣúgà tí a jẹ lánàá, nígbà tí a bá fi jí lówùúrọ̀, ara ti lò ó, tàbí ó ti kó o pa mọ́, tàbí ó ti sọ ọ́ di ọ̀rá. Kò sí igun kan nínú ara tí ó sápamọ́ sí, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ yóò jáwọ́. Ọ̀rá tó bá kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lóòótọ́, n kò sì sọ pé àjẹjù ṣúgà kì í pa ni lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í gba ojú orí fífọ́ jáde.

Bí ṣúgà bá sì ń jáde lára ní tòótọ́, inú ìtọ̀ ni à ń bá a, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Kíndìnrín ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa dá glúkóòsì padà sínú ẹ̀jẹ̀, bóyá ni ó fi ń jẹ́ kí ohunkóhun bọ́ lọ, àfi bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ga kọjá nǹkan bí 180 mìlígíráàmù nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Ní ọdún 1776, oníṣègùn ará Ìlú Ọba kan, Matthew Dobson, se ìtọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán, ohun funfun tó kù sísàlẹ̀ ìkòkò náà sì dùn lẹ́nu bí ṣúgà. Àìsàn ni ó rí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n dìídì ṣe láti máa ti ṣúgà jáde nínú ìtọ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó máa gbàdúrà pé kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun.

Kí wá ló ń fọ́ orí? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: inú kí ni ṣúgà tí ènìyàn náà ń jẹ wà tẹ́lẹ̀? Ẹ wo ẹni tó ń mu kọfí oníṣúgà lówùúrọ̀, tí ó ń mu kólà lọ́sàn-án, tí ó sì tún ń mu òmíràn nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó bá jáwọ́, kì í ṣe ṣúgà nìkan ló fi sílẹ̀. Kọfí àti kólà, àti tíì pẹ̀lú, ní kaféènì nínú, ara tí kaféènì ti mọ́ lára kì í sì í gbà kó lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn tí a bá mu èyí tó gbẹ̀yìn ni orí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Yóò le jù ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní sí ìkejì. Gbogbo rẹ̀ sì lè gba ọjọ́ 2 sí 9 kó tó rọlẹ̀. Àárẹ̀ a bá a rìn, àti ìkanra, àti àìlèpọkànpọ̀. Ẹni tó bá ka àwọn àmì wọ̀nyí, tí ó wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní májèlé ṣúgà tó ń jáde, yóò rí i pé wọ́n jọra bí ìbejì. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, ní orúkọ fún ìnira tó ń tẹ̀lé jíjáwọ́ nínú kaféènì. Kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ṣúgà.

Ohun tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè ṣe kò le. Kó mu kọfí rẹ̀ padà, láìbu ṣúgà sí i rárá, kó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí orí náà bá rọ̀, tí ó sì jẹ́ pé kò jẹ ẹyọ hóró ṣúgà kan, ó yẹ kí ó ti máa fura sí ẹni tó ń dáràn. (Kaféènì a máa dín àwọn orí fífọ́ mìíràn kù díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà n kò ní pe èyí ní ẹ̀rí àrídìmú, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa méfò lọ.) Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́ fi kaféènì pàápàá sílẹ̀, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lákòókò mìíràn, kó má ṣe kó ìjà méjì papọ̀.

Ohun kejì ni ebi, ebi lásán tí a fún ní orúkọ ńlá. Agolo kólà 330 mìlílítà kan ní nǹkan bí 35 gíráàmù ṣúgà. Ẹni tó ń mu mẹ́ta lójúmọ́ ń rí ju 400 kálórì lọ nínú wọn, bí ó bá sì dá wọn dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìfi oúnjẹ mìíràn rọ́pò, ara rẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan ti dín. Èyí tó tún burú ni pé ìtara ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lórí ṣúgà nìkan: wọn a lé búrẹ́dì lọ, wọn a lé ìrẹsì lọ, wọn a sì lé èso pàápàá lọ, títí tí oúnjẹ òòjọ́ wọn yóò fi kù bíńtín. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, inú tó ṣófo, àti ojú tó ń wo gbogbo ohun dídùn bí ẹni wo olólùfẹ́, oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ dànù a máa dúró pẹ́ nínú, kí ènìyàn sì jẹ ẹ́ kí ebi tó gbé e dè. Èso kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2015, tó ní kí ṣúgà má ṣe kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 50 gíráàmù fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì lójúmọ́, wọn kò ka ṣúgà inú odindi èso mọ́ ọn. Oyin ni wọ́n kà mọ́ ọn, àti omi èso tí a fún sínú ife. Nítorí náà, ẹni tó lé ọsàn jáde tí ó wá ń da oyin sínú tíì ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà.

Ohun kẹta kò kan gbogbo ènìyàn, àfi ẹni tó bá dín oúnjẹ oníṣitáàṣì rẹ̀, bí ìrẹsì àti búrẹ́dì, kù púpọ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Gíráàmù kan àkójọ glúkóòsì tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan a máa di omi tó tó nǹkan bí gíráàmù 3 mọ́ra. Bí ara bá ń ná àkójọ náà, omi rẹ̀ a dà sílẹ̀. Bí ínsúlínì, èròjà tó ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀yà ara, bá sì lọ sílẹ̀, kíndìnrín a jẹ́ kí iyọ̀ bá omi lọ. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ara fi máa ń já wálẹ̀ kíákíá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí òòyì fi ń kọ́ni bí a bá dìde lójijì, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ni lemọ́lemọ́. Ìtọ̀ lemọ́lemọ́ yìí gan-an ni wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìdọ̀tí ń ṣàn. Omi àti iyọ̀ ni. Ẹni tó bá wá gbé oògùn ìyàgbẹ́ lé e tún ń fa omi àti iyọ̀ kúrò lára tó ti ń pàdánù wọn tẹ́lẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́ sí i, wọn yóò sì sọ fún un pé májèlé náà mà pọ̀ o. Ohun tó ń bí mi nínú nípa ìgbàgbọ́ yìí nìyẹn: kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí wọn kò ní fi ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Bí ara bá ro ọ́, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ara kò bá ro ọ́, o kò tíì mu tó.

Àwọn mìíràn a máa gbé ọ̀rọ̀ eku jáde níbi yìí. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2002 àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà rí i pé eku tí wọ́n fún ní omi oníglúkóòsì àti oúnjẹ fún wákàtí 12, tí wọ́n sì fi ebi pa fún wákàtí 12 tó tẹ̀ lé e, lójoojúmọ́, a máa gbọ̀n, eyín rẹ̀ a sì máa gbá ara wọn nígbà tí wọ́n bá fún un ní oògùn tó ń dí ojú ọ̀nà èròjà ìtura inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ohun kan ń jáde lára eku. Ẹ sì kíyè sí ebi tó wà nínú ètò náà: fífi ebi para ẹni, kí a sì wá jẹ àjẹkì, ni wọ́n kọ́ àwọn eku wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ìfọ̀mọ́ látàárọ̀, tí ó wá bọ́ sórí àkàrà òyìnbó lálẹ́, ń ṣe àṣetúnṣe ìwádìí náà lórí ara rẹ̀. Nípa ti ọmọ ènìyàn, ìfẹ́ ohun dídùn tó ń dìde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ jọ ìṣesí ju ohunkóhun lọ. Bí ọwọ́ bá ti máa ń na sí àpótí bisikíìtì bí iṣẹ́ bá parí, ọwọ́ yóò nà síbẹ̀, ṣúgà ì báà ti kúrò nílé. Fífi ohun mìíràn sí àkókò náà, ìrìn kúkúrú tàbí ife omi tútù, a máa ràn ni lọ́wọ́ ju fífi ìpinnu nìkan dúró lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni oorun tó tó, nítorí àìsùn a máa mú kí ohun dídùn wu ni sí i.

Mo mẹ́nu ba ewu níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kàn jù sì ni àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí wọ́n ń lo irú oògùn oníhóró tó ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde. Oníṣègùn ti bá oúnjẹ wọn ṣírò oògùn náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dín ṣúgà àti oúnjẹ kù lójijì, tí kò sì tún ìwọ̀n oògùn ṣe, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já sí ìsàlẹ̀ 70 mìlígíráàmù nínú dẹ̀sílítà: òógùn a bò ó, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a sì dàrú. Bí àwọn tó yí i ká bá ní kí ó jẹ́ kí májèlé jáde, ó lè dákú, ó sì lè kú. Nǹkan bí gíráàmù 15 ohun dídùn tó tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀ ni ó nílò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó jáwọ́ nínú ohunkóhun, ọ̀dọ̀ oníṣègùn rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kò sí òfin tó ní kí ó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí májèlé kankan tó ń jáde, kò sí èrè nínú kí a mú ìnira le sí i. Ẹni tó ń bu ṣíbí méjì sínú tíì lè sọ ọ́ di ọ̀kan àbọ̀, kó jẹ́ kí ahọ́n mọ̀ ọ́n, kó tó tún dín in kù. Ahọ́n a máa kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í yára. Nínú ìwádìí kan tí ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia gbé jáde ní ọdún 2016, àwọn tó fi oṣù mẹ́ta dín ṣúgà oúnjẹ wọn kù rí i pé ohun dídùn kan náà wá dùn lẹ́nu wọn ju bó ṣe dùn lẹ́nu àwọn tí kò dín tiwọn kù lọ. Bí ó ṣe wù wọ́n tó kò yí padà, nítorí náà ẹni tó ń retí ọjọ́ tí ṣúgà kò ní wù ú mọ́ lè dúró pẹ́. Ohun tó yí padà ni bí adùn náà ṣe ń lágbára tó lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n padà sí oúnjẹ tó bá wù wọ́n, ìyàtọ̀ náà pòórá láàárín oṣù kan.