Ta ló ní ìtàn tí kò lógun nínú kì í ṣe ìtàn?

"Àǹtí, ẹ̀mí mélòó ló ti lọ sí i?"

Ohun tí àbúrò mi máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn bó bá bá mi nídìí ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kàbbà. Bí mo bá ní kò tíì sẹ́ni tó kú, á ní, "Kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀?" Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń yá ara wa níwèé: pé ìtàn àràmàǹdà tí kò bá ti sí ogun ńlá nínú rẹ̀, tí ayé ò fẹ́ parẹ́, tí kò sí ọba burúkú tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí oyè, ìtàn lásán ni, wọ́n kọ ọ́ fún ọmọdé àti ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìwé tó dá awuyewuye náà sílẹ̀ nílé wa ni Legends & Lattes tí Travis Baldree kọ. Kíka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tó ń fi etí gbọ́ ìwé ni wọ́n mọ ọkùnrin náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ló kọ ìtàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2022 kí ilé ìtẹ̀wé ńlá tó gbà á. Viv ni orúkọ ẹni tí ìtàn dá lé lórí. Orc ni, ẹ̀dá gìrìpá tí eyín rẹ̀ yọ síta, tó ti fi idà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti pa ẹranko abàmì tó gbẹ̀yìn, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó kó owó tó ti tù jọ, ó lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Thune, ó ra ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń so ẹṣin, ó ní kọfí lòun fẹ́ máa tà níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọfí ní gbogbo ìlú náà.

Ìlú tí kò mọ kọfí ò ṣàjèjì sí èmi rárá. A ń gbìn ín ní ìwọ̀ oòrùn Kogi níbí, ní Kàbbà, ní Ògìdì, ní Ìyàmoyè, irú tí wọ́n ń pè ní robusta. Èso rẹ̀ á pọ́n bí ata, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ dúdú, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, ó di inú àpò, ó dọwọ́ oníbàárà. Bàbá tó bí ìyá mi lóko kọfí, ṣùgbọ́n ògì ni wọ́n ń mu láàárọ̀. Mi ò rí ife kọfí lọ́wọ́ wọn rí. Nígbà tí ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká ní 1986, tí àdéhùn àgbáyé tó ń gbé owó kọfí ró tún wó ní 1989, bàbá jẹ́ kí igbó gba oko náà. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Viv tó ń ṣàlàyé kóró kọfí fún àwọn tó ń wò ó bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́.

Ẹ bi ẹni tó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rí. Àbúrò ìyá mi fi owó àjọ ọdún méjì ṣí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí, wọ́n ń wo títì. Bí ẹnì kan bá kọjá tó kí wọn pé "Okun o" tí kò yà, ojú wọn á tẹ̀ lé e títí á fi wọ kọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé ewu ò sí níbẹ̀? Ẹni tó bá pàdánù àjọ ọdún méjì, ayé tirẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn.

Ogun tiẹ̀ wà nínú ìwé náà fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Viv gbé idà rẹ̀ kọ́ ògiri. Àwọn ọmọ ìta wá, wọ́n ní kó máa san owó ààbò lóṣooṣù. Ó lè já idà yẹn kó sì lé gbogbo wọn lọ kílẹ̀ tó mọ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣé á fọwọ́ kan idà àbí kò ní fọwọ́ kàn án? Mo ka ìwé ogun púpọ̀ tí kò sí ìbéèrè tó wúwo tó ìyẹn nínú wọn.

Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ tú àṣírí kan. Ẹnì kan tí òun àti Viv ti jọ jagun rí dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sókè fún àbúrò mi bó ṣe ń jẹun. Ọmọ yìí máa ń wo fíìmù tí odidi ìlú ti ń wó lulẹ̀, tí òkèlè ò sì ní dúró lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo jó, ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Wọ́n rí ẹ̀rọ yẹn yọ?" Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọfí ló ń béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti mọ ibẹ̀. Ó mọ Cal káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó mọ Thimble, alásè kékeré tó rí bí eku, tí búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ ń kó èrò jọ. Àwọn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kọ, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí apànìyàn bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òǹkàwé á máa ṣí ìwé lọ bí gbólóhùn rẹ̀ tilẹ̀ rí wúruwùru. Láìsí apànìyàn, ó di dandan kí òǹkọ̀wé mú kó o fẹ́ kí búrẹ́dì wú.

Nǹkan àjèjì kọ́ lèyí jẹ́ fún wa. Ìjàpá lọ sílé àna, ó yọ́ bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó dé e mọ́rí, àna rẹ̀ ń sìn ín sọ́nà, kò sì fẹ́ pẹ̀yìn dà. Ìlú kankan ò tú, kò sẹ́ni tó kú. Irun orí àti ìtìjú nìkan ló wà nínú ewu, síbẹ̀ a máa ń di èémí mú títí fìlà á fi ṣí. Òótọ́ ni pé ọdẹ àti iwin ni Fágúnwà fi mú púpọ̀ nínú wa láti ìgbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ní 1938. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdẹ yẹn ja gbogbo ìjà, tí wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ilé Ìrágbèje olójúlé méje. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ní ẹni tójú ẹ̀ ò rí nǹkan ló ń ka ìtàn ìfọ̀kànbalẹ̀, irú ìtàn tí kò sógun ńlá nínú rẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Kàbbà sí Mọ̀pà sí Ìsánlú lásìkò àwọn ajínigbé yìí mọ bí àyà ṣe ń já. Àwọn àgbà wa gbọ́ nípa ogun Tápà lẹ́nu àwọn tó bí wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò fẹ́ kà nípa orí tí wọ́n bẹ́. Òun ló ka ìwé Viv lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn olólùfẹ́ ìtàn àràmàǹdà pàápàá ti rí iyì ìwé Viv. Wọ́n kà á mọ́ ìwé mẹ́fà tó du ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, fún ìtàn gígùn ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló gbà á.

Mi ò ní gbogbo wọn ló dára. Mo ti ka èyí tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan. Ìyẹn sú mi. Àìsí ogun kọ́ ló bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó ní ohun tó lè sọ nù níbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ti 2022 ni kó kọ́kọ́ mú. Bookshops & Bonedust tó tẹ̀ lé e ní 2023 padà sẹ́yìn sígbà tí Viv ṣì kéré, tí egbò dá a jókòó sí ìlú etí òkun kan tí ibi ìtàwé wà. Ìyẹn ni àbúrò mi ń kà lórí fóònù mi báyìí, kò sì tíì dá fóònù náà padà.