Irọ́ ni: ìjọba UK kò fòfin de gbogbo vape

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwọn èèyàn wa ní UK, pé ìjọba ti fòfin de vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, pé ọlọ́pàá á mú ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Vape tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń jù sọnù ni òfin ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2025 dá dúró: èyí tí kò ṣeé chájì, tàbí tí kò ṣeé rọ omi mìíràn sí. Ẹni tó ń tà á ni òfin ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń fà á. Ní England, ìtanràn £200 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí ojú títì, bátìrì tó ń gbiná nínú ọkọ̀ akólẹ̀ àti àwọn ọmọdé tó ń fà á ló fa òfin náà.

Èyí tó ṣeé chájì, tó sì ṣeé rọ omi mìíràn sí, ṣì wà lórí àtẹ fún ẹni tó ti pé ọdún 18. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba UK, fúnra rẹ̀ kà á mọ́ ohun tó lè ran amusìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́, bó tilẹ̀ ní kí ẹni tí kì í mu sìgá má dán an wò. Ìdí nìyí tí irọ́ yìí fi ń bí mi nínú: ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ sìgá lè torí ẹ̀ padà sídìí sìgá, tó burú jù vape lọ fíìfíì.

Brazil ni ẹ̀rù ti tọ́. Wọ́n ti fòfin de títà á níbẹ̀ láti 2009, Anvisa, àjọ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ìlera níbẹ̀, sì tún un fìdí múlẹ̀ ní 2024. Kódà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e wọlé nínú ẹrù yín.