Ẹni tó ń sáré gun òkè kọ́ ló lágbára jù o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí torí ó ń ká mi lára. Àbúrò mi kan tá a jọ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé láti Mókọ́lá lọ sí Òkè Aàrẹ ti ń tọ́jú owó láti lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà, ó wá ní tóun bá débẹ̀ òun ò ní bá àwọn tó ń rìn bí ìgbín rìn, iwájú lòun máa wà, ṣebí òun kì í mí hẹlẹ tóun bá gun òkè tán. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àìsàn orí òkè ò lè mú ẹni tára ẹ̀ le, àti pé gáìdì, ìyẹn ẹni tó ń fini mọ̀nà, tó ń rìn jẹ́jẹ́ kàn ń fàkókò ṣòfò ni. Irọ́ ni o. Kilimanjaro ga tó mítà 5,895, Ìbàdàn wa ò ju bíi 200 lọ. Téèyàn bá dé ṣóńṣó ẹ̀, ọ́síjìn tó máa rí fà símú ò ju bí ìdajì èyí tá à ń mí ní Dùgbẹ̀ lọ, ara sì nílò ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ́ ọn lára, jíìmù ò lè bá èèyàn dín ọjọ́ yẹn kù. Ẹni tó lágbára gan-an ló tiẹ̀ rọrùn fún láti sáré kọjá ibi tára ẹ̀ bá a dé. Orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, tó bá wá burú, omi lè gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú, ìyẹn sì ń pààyàn.

Àwọn gáìdì ibẹ̀ máa ń sọ ní èdè Swahili pé "pole pole", pé ká rọra. Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tiwa! "Pole" nìkan sì ni wọ́n fi ń báni kẹ́dùn, bíi "pẹ̀lẹ́" náà ni. Tó ò bá lè sọ̀rọ̀ já geere bó o ṣe ń rìn, eré lò ń sá yẹn.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn tó ń ṣíwájú ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ tá a lọ sí òkè Adó-Àwáyé, àwa tá a yára sáré gun àtẹ̀gùn lọ, a jókòó, a mumi, a ya fọ́tò, bí ìyá kan tó wà lẹ́yìn ṣe ń dé báyìí la dìde, ó yá ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni tó nílò ìsinmi jù nìkan ni ò sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀ fún un kó tó jókòó pé òun ò lọ mọ́, la bá ní kò lágbára. Ẹ̀yìn gáìdì gan-an ló yẹ ká fi àwọn tí ò lè yára sí, kí gbogbo wa máa rìn bí wọ́n ṣe ń rìn, kí gáìdì kejì wà lẹ́yìn pátápátá.

Ohun táwọn dókítà ń sọ ni pé téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn lálẹ́ kò yẹ kó fi ju 500 ga ju ti àná lọ. Ọ̀nà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí àbúrò mi fẹ́ sanwó ẹ̀ ńkọ́? Bíi 2,700 ni wọ́n ti ń sùn, lẹ́yìn náà 3,700, lẹ́yìn náà 4,700. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó fi ọjọ́ méjì kún un, kó yọ owó ẹ̀ lára owó bàtà ńlá tó fẹ́ rà. Kò tíì dá mi lóhùn.