Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tètè pọ́n ni wọ́n fi kábáìdì sí

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó bá pọ́n láàárín ọjọ́ 3, kábáìdì, kẹ́míkà tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n kíákíá, ni wọ́n fi sí i. Irọ́ ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́tílìnì jáde. Òun ló ń pàṣẹ kí sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi ń dì í sínú àpò, tí wọ́n á ju ẹyọ kan tó ti pọ́n rẹ̀rẹ̀ sáàárín: afẹ́fẹ́ náà kò ríbi sá lọ, ló bá ran àwọn tó kù. Lóòótọ́, àwọn kan ń lo kábáìdì, ó sì léwu, torí ásẹ́níìkì, tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú rẹ̀. Ti inú àpò ìyá mi kọ́ nìyẹn.