Ẹ kó ìwé gbèsè náà síta

Ilé Aṣòfin Àgbà ti fọwọ́ sí gbèsè tuntun tí Ààrẹ béèrè. Owó tó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là, bílíọ̀nù 4 yúrò àti bílíọ̀nù 15 yẹ́ẹ̀nì ni Ààrẹ ní òun fẹ́ yá láàárín 2025 sí 2026, wọ́n sì ti gbà fún un. A ò ní tún ìtàn rẹ̀ pa. Ohun tí à ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ náà la tún fẹ́ wí: kí ni owó kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe, èlé rẹ̀ jẹ́ èló, ọdún mélòó la ó fi san án, ta sì ni yóò san án? Ìwé tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló yẹ kó dé ọwọ́ aráàlú kí aṣòfin tó gbé kálámù.

Ìwé ìròyìn yìí kò sọ pé gbèsè burú. Lẹ́yìn omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tó gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, mílíọ̀nù 200 dọ́là ni Báńkì Àgbáyé yá wa láti fi tún ojú odò, afárá àti gọ́tà ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé orí afárá náà, kó wò ó, kó ní ó dára tàbí kò dára. Àwa náà la sì ń san gbèsè yìí, nítorí kí owó oṣooṣù tó ti Àbújá dé àpò ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ gbèsè òkèèrè kúrò lórí rẹ̀. Láyé àwọn baba wa, olówó a rán ológò lọ dógò ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò a sì mọ̀ pé lágbájá jẹ gbèsè. Ológò òde òní kì í yọjú s'Ágodi, ibùjókòó ìjọba Ọ̀yọ́. Ó ti gba tirẹ̀ lọ kí onílé tó jí.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti Ways and Means, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ (CBN). Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí ìjọba àpapọ̀ lè yá níbẹ̀ lọ́dún kan kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, kó sì dá a padà kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé iwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Karùn-ún 2023, ó ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún, pẹ̀lú èlé ìdá 9 nínú 100. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní Bẹẹrẹ lóṣù náà yóò ti pé ọmọ ogójì ọdún kí gbèsè yẹn tó tán. Wọ́n ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìwọ̀fà, wọn ò sì bi ìyá rẹ̀. A ò tíì rí aláṣẹ kan tó dìde pé òun lòun kọjá òfin. Ṣé owó ilé ara wọn ni wọ́n máa ná báyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa kọ!

Orílẹ̀-èdè yìí kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó gbòmìnira. Kòkó tiwa, ẹ̀pà Òkè Ọya àti epo pupa ìlà-oòrùn ló ń ṣe onídùúró fún ìjọba tuntun náà lọ́dọ̀ ayánilówó. Síbẹ̀, nínú ètò ìdàgbàsókè 1962 sí 1968, ìdajì owó ni wọ́n ń retí láti òkèèrè, ohun tó dé kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nílé níbí, Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kì í san gbogbo iye tí kòkó ń mú lókè òkun fún wọn. Ilé Kòkó alájà 26 tó parí ní 1965 ṣì dúró ní Dùgbẹ̀, a sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí Adájọ́ Coker ní 1962 fi hàn pé owó tí Board yìí ní nílẹ̀ ní 1954 ti gbẹ, pé báńkì ni wọ́n ti ń yá jẹ. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, tí wọ́n ya wọ Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, kì í ṣe owó orí nìkan ló bí wọn nínú. Wọ́n ń san án, wọn ò rí ọ̀nà tó dé oko wọn.

Ní 2005, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó, fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, lẹ́yìn tí a gbà láti san bílíọ̀nù 12. Bí ogún ọdún péré nìyí.

Àjọ tó ń bójú tó gbèsè ń gbé àpapọ̀ iye jáde, ó ṣeun. Àpapọ̀ iye kò sọ fún ará Ọjà Ọba èyí tó kàn án níbẹ̀. Ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rán lọ, ẹ wá sọ ohun tí ẹ kà kí Ilé yín tó fọwọ́ sí i. Kí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà pe kọmíṣánnà ètò ìnáwó, kó kó gbogbo gbèsè òkèèrè Ọ̀yọ́ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lédè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó tún béèrè òmíràn.