Ìyàwó 128, kí lorúkọ wọn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn kan ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Badagry nínú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó ń wọ ìbòjú ìnàkí kiri, tí mo fi ń ṣe project mi lé wọn lórí. Ó kàn mí gan-an ni o.

Guerrilla Girls ni wọ́n ń jẹ́, oníṣẹ́ ọnà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ni wọ́n, New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, orúkọ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà tó ti kú ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ní 1989 wọ́n wọ mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan lọ, wọ́n ka iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀: lápá ti ìgbàlódé, obìnrin tó ṣe iṣẹ́ ò tó 5 nínú 100, àmọ́ nínú àwọn àwòrán ìhòhò, 85 nínú 100 ló jẹ́ obìnrin. Wọ́n wá lẹ pósítà pé ṣé dandan ni kí obìnrin bọ́ra síhòhò kó tó lè wọbẹ̀ ni? Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kà á, wọ́n béèrè, ó tán.

Pósítà yẹn ló jẹ́ kí n fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nílùú wa dáadáa. Ẹni tó bá ti dé Brazilian Barracoon ní Badagry, ilé Seriki Abass oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, rí mọ bí àwọn gáìdì ṣe ń ṣàlàyé, wọ́n á mú yín rí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí, wọ́n á ní bàbá yẹn fẹ́ ìyàwó 128, ó bí ọmọ 144, gbogbo èèyàn á pariwo "háà!" wọ́n á máa ya fọ́tò. Mo bi ọ̀kan pé bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn ìyàwó yẹn fún mi, ó ní "ta ló máa rántí ìyẹn?" Orúkọ ẹni tó ń ta èèyàn wà lára ilé, sàréè rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn obìnrin tó fẹ́ àtàwọn tó tà wá di nọ́ńbà lásán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ká kọ́kọ́ jà fún aláwọ̀ dúdú ná, pé ti obìnrin lè dúró, obìnrin dúdú tí wọ́n wọ́ kọjá Gbẹrẹfu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun, ṣé torí pé ó jẹ́ dúdú ni wọ́n ṣe fìyà jẹ ẹ́ ni àbí torí pé ó jẹ́ obìnrin? Betye Saar, obìnrin dúdú oníṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, ò pín in rárá. Ní 1972, ó mú ère Aunt Jemima, ìyá dúdú tó ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n fi ń polówó ìyẹ̀fun páńkéèkì nígbà yẹn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan, ó ki ìbọn bọ ìkejì. Orí mi máa ń wú tí mo bá rí i, torí kò gba ìgbálẹ̀ yẹn kúrò, ìyá yẹn náà ṣì ni, kò kàn dúró de àánú ẹnikẹ́ni mọ́.

Igi ni mo ń gbẹ́ (tíṣà kan ní kí n lọ ṣe àdìrẹ, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni igi gbígbẹ́, mi ò lọ). Orí obìnrin kéékèèké ni, látinú pákó tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, ojú ọ̀kan ò jọ ti èkejì, ẹ̀yìn wọn ni mo fi sílẹ̀ láìgbẹ́ nǹkan kan sí. Ẹ bá mi bi àwọn ìyá àgbà yín, Yorùbá ni o, Egùn ni o, orúkọ obìnrin èyíkéyìí tí wọ́n bá gbọ́ nípa ìgbà òwò ẹrú, ẹ fi ránṣẹ́ sínú inbox mi, ẹ̀yìn orí yẹn ni màá gbẹ́ ẹ sí.