"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ́ ọn dáadáa ná": ọ̀rọ̀ tó ń lé owó sẹ́yìn lọ́dọ̀ olórin

Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láti bí ọdún mẹ́fà. Tó bá jókòó sídìí ẹ̀ nílé lálẹ́, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó wá ṣeré níbì kan kí wọ́n fún un lówó, èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ́ ọn dáadáa ná." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé gìtá kọ́ ara ògiri, ẹ̀yin tí sasofóònù yín ń sùn nínú àpótí, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí. Èmi gan-an sọ ọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni ìgbàgbọ́ kan tó ti wọ ọ̀pọ̀ wa lára: pé bí ọwọ́ èèyàn bá ṣe dùn tó ni owó tó máa rí ṣe máa pọ̀ tó, àti pé ẹni tí kò bá tíì di ọ̀gá, ojú tì í láti gba kọ́bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibì kan wà tó ti jẹ́ òótọ́, mo ṣì máa débẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó kàn fẹ́ rí owó díẹ̀ fi kún èyí tó ń gbà níbi iṣẹ́, irọ́ ni, irọ́ tó sì ń náni lówó.

Ẹ jẹ́ n pe ẹlẹ́rìí kan. Lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2007, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ọkùnrin kan tó dé fìlà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ibùdókọ̀ ojú irin L'Enfant Plaza, ní Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gbé violin ẹ̀ jáde, ó ṣí àpótí ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ara ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ju owó sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré. Joshua Bell ni, ọ̀kan lára àwọn tí ọwọ́ wọn dùn jù nídìí violin láyé ńbí. Stradivari fúnra ẹ̀, ará Ítálì tó lókìkí gan-an nídìí kíkan violin, ló kan èyí tó gbé dání, lọ́dún 1713. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó ti ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Boston, níbi tí ìjókòó tó kàn dáa díẹ̀ ti ń lọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ìwé ìròyìn Washington Post ló ṣètò ti ibùdókọ̀ yẹn, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ó ṣeré fún ìṣẹ́jú 43. Èèyàn 1,097 ló kọjá. Àwọn 7 péré ló dúró gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó kó violin ẹ̀ nílẹ̀, owó tó wà nínú àpótí jẹ́ dọ́là 32 àti sẹ́ǹtì díẹ̀, láìka 20 dọ́là tí obìnrin kan tó dá a mọ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ tó máa ń sọ ìtàn yìí, àwọn tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, pé etí wọn ti di. Èmi ò rí ẹ̀bi àwọn yẹn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń sáré lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó ní violin lòun ń wá. Ẹ wò ó dáadáa: láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ Bell ò yí padà, violin ẹ̀ ò yí padà. Ní Boston, àwọn èèyàn ti fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ tìtorí orin. Ní ibùdókọ̀, orin kàn bá wọn lójú ọ̀nà ni. Tó bá jẹ́ pé bí ọwọ́ ṣe dùn tó ni wọ́n fi ń sanwó, iye kan náà ló yẹ kó gbà níbi méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí "ṣé mo ti mọ̀ ọ́n tó?" kì í fi í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Èyí ni àkọ́kọ́: ta ló ń wá ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹgbẹ́ akọrin tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn ti kó lọ síbòmíì ń wá a. Ẹni tó ń kọrin tó fẹ́ gìtá kan ṣoṣo lẹ́yìn ohùn ẹ̀ ń wá a. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ kọ́ fèrè ń wá a. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń wá Joshua Bell, tí wọ́n bá sì rí i pàápàá, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rówó ẹ̀?

Àwọn kan tiẹ̀ ti wọ aṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ìgbàgbọ́ yìí. Wọ́n á ní àfi kéèyàn lo wákàtí 10,000 nídìí ìdánrawò kó tó di ọ̀gá. Inú ìwádìí tí Anders Ericsson àti àwọn méjì míì gbé jáde lọ́dún 1993, lórí àwọn tó ń kọ́ violin ní Berlin, ni iye yẹn ti wá. Àwọn tó dáńgájíá jù nínú wọn ti lo nǹkan bí wákàtí 10,000 kí wọ́n tó pé ẹni ogún ọdún. Ibi táwọn èèyàn ń kà á dé nìyẹn. Ìwádìí kan náà sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò títí dé ọmọ ọdún 18: ìpíndọ́gba àwọn tó dára jù jẹ́ 7,410, àwọn tó tẹ̀ lé wọn 5,301, àwọn tó ń mura láti di olùkọ́ orin sì jẹ́ 3,420. Wákàtí àwọn olùkọ́ lọ́la yìí ò tó ìdajì tàwọn ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni wọ́n dorí kọ. Ericsson fúnra ẹ̀ ráhùn pé wọ́n ti sọ iye náà di òfin tóun ò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ni yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú máa ń tì wá jù. Ẹ mú kọ́ọ̀dù F lórí gìtá (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé gìtá padà sórí ògiri. Ìka ìlábẹ̀ máa sùn gbọọrọ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìka mẹ́ta yòókù á tún wá ibi tiwọn. Ọmọdé á tẹ̀ ẹ́, okùn méjì á dún, ìyókù á ṣe tùk, bí ẹni kan pákó. Ọ̀gá tó ti ta F fún ogún ọdún á sọ pé, "Tẹ̀ ẹ́ le sí i." Ó ti gbàgbé. Kì í ṣe agbára ló kù. Ẹni tí F yẹn fìyà jẹ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn á sọ fún ọmọ náà pé kó yí ìka yẹn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, síbi tí egungun ti le ju ẹran lọ. Kó sún un mọ́ irin tó dábùú ọrùn gìtá. Kó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣòro, kó gbé e lọ sí ojú karùn-ún (àlàfo àárín irin kan sí èkejì ni wọ́n ń pè ní ojú), níbi tí okùn ti rọ̀ láti tẹ̀, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dún, ẹ̀rín tí ọmọ yẹn máa rín, òun gan-an ni ìyá ẹ̀ ń sanwó fún.

Mi ò ní kẹ́ni tó mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ lẹ pátákó olùkọ́ mọ́ ara ilé o. Tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ti ń bá yín dọ́gba, ẹ fà á lé ẹni tó jù yín lọ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọ́ni lórí fídíò, ẹ má gbìyànjú àtijọ ṣeré pọ̀ nígbà kan náà. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹ ó kàn máa lé ara yín kiri ni. Kí ọ̀kan ṣe é kí èkejì gbọ́. Lórí Zoom, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tan ohùn àtilẹ̀wá fún olórin (Original Sound for Musicians), nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ka ohùn fèrè tó gùn sí ariwo, á sì máa gé e kúrò.

Yàtọ̀ sí kíkọ́ni, àyè tó ṣófo ló ń mú ọ̀pọ̀ owó wá. Obìnrin olórin ará Amẹ́ríkà kan wà, Carol Kaye, gìtá lásán ló ń ta tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1963, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Hollywood, ẹni tó yẹ kó ta bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn gìtá tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ò yọjú. Wọ́n gbé e lé Kaye lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀kan lára àwọn tí bẹ́ẹ̀sì wọn wà nínú orin tó pọ̀ jù nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ẹ̀ ti dùn tẹ́lẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló gbà wọlé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí pé olùta gìtá ẹgbẹ́ kan ń ṣàìsàn, pé òde wà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó pè mí ò tiẹ̀ pọ́n mi lé: ó ní gbogbo àwọn tóun kọ́kọ́ pè ò gbé fóònù. Orin 14 ni, mo mọ 9. Ọjọ́ Ẹtì odindi ni mo fi gbọ́ márùn-ún tó kù. Nígbà tá a débẹ̀, ohùn akọrin ti há. Ó ní ká mú orin tó wà ní G wálẹ̀ sí F. Àyà mi já, torí kọ́ọ̀dù F tí mo ń bá jà náà ló tún dé yìí. Mo fi capo, ohun kékeré tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn gìtá mọ́lẹ̀, há ojú kìíní, mo ń ta E, F ń jáde. Ní ìparí orin kan, gbogbo wọn ti dákẹ́ kí n tó mọ̀. Kọ́ọ̀dù tèmi nìkan ló ń dún bí agogo ìta. Mo rò pé wọn ò ní pè mí mọ́. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn. Mo bi olórí ẹgbẹ́ náà léèrè ìdí. Ó ní, "O dé ká tó to ẹ̀rọ tán, gìtá ẹ ò sì bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀."

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kéèyàn tó sanwó fún yín kò ju èyí lọ: kẹ́ ẹ lè tún ohùn okùn yín ṣe nígbà tí ariwo wà, kẹ́ ẹ má dúró tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, kí orin máa lọ, kẹ́ ẹ lè gbé orin lọ sí ohùn tó bá akọrin lára mu, kẹ́ ẹ mọ nǹkan bí ogún orin láìwo ìwé. Kò sí eré sísá ìka nínú ẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti jóòótọ́ ni ẹgbẹ́ eléré ńlá tí wọ́n ń pè ní ọ́kẹ́sítírà, níbi tí wọ́n ti ń dán èèyàn wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ọ̀pọ̀ ń du ìjókòó kan. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe owó àfikún, iṣẹ́ ayé ẹni ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì tàn yín. YouTube ò ní pín owó ìpolówó orí fídíò gígùn fún yín àfi tẹ́ ẹ bá ní ọmọlẹ́yìn 1,000, pẹ̀lú wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wo yín láàárín oṣù 12 tàbí kí wọ́n ti wo fídíò kúkúrú yín ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Láti ọdún 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 lórí Spotify kì í mú nǹkan kan wá. Tó bá sì jẹ́ orin olórin mìíràn lẹ ń ṣe, owó fídíò yẹn lè di ti onítọ̀hún. Pátákó tí akọrin ti máa rí yín ni íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ṣe oko.

Ìṣirò owó ló kù. Òde wákàtí méjì kì í ṣe wákàtí méjì. Wákàtí mẹ́ta lẹ fi kọ́ orin, méjì fún àlọ àti àbọ̀, ọ̀kan fún títo ẹ̀rọ. Wákàtí mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ pín owó náà sí, kẹ́ ẹ tó ní ó pọ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn lè mọ̀ yín, ẹ rán an létí pé èèyàn 1,097 ló gba iwájú Joshua Bell kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi oníkíbọ́ọ̀dù pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akọrin kan ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ti gbà. Ó bi mí léèrè iye tó máa pè. Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè iye orin, bóyá ẹ̀rọ wà níbẹ̀ àbí kó gbé tiẹ̀ dání, àti ọjọ́ tí wọ́n máa san. Ó ní òun á béèrè lọ́la, pé ẹ jẹ́ kóun tún orin kejì yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ná.